Àwọn Tó Kọ Ìtàn Ìbàdàn Láìgba Kọ́bọ̀, àti Àwọn Obìnrin Tí Wọ́n Kọ́kọ́ Gbójú Fò

Ère Ẹfúnṣetán Aníwúrà wà ní Challenge, n'Ìbàdàn, ọkọ̀ ń yí i ká láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ń dúró de mọ́tò níbẹ̀ nígbà tí ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ ilé-ìwé bi ìyá àgbà tó fà á lọ́wọ́ pé ta ni obìnrin yìí. Kí ìyá tó la ẹnu, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta omi tútù ti dáhùn: "Ìyá burúkú tó máa ń bẹ́ ẹrú lórí ni." Ojú ìyá le. Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ? Ṣé o bá wọn níbẹ̀ ni? Àwọn tó kọ ìtàn yẹn, ẹnikẹ́ni ò san kọ́bọ̀ fún wọn, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, wọn ò bi àwọn obìnrin léèrè." Ó fa ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sọdá títì.

Ọ̀rọ̀ méjì ni ìyá yìí sọ, méjèèjì ló sì gba ìdáhùn. Ta ni àwọn tó kó ìtàn ìlú yìí jọ láìgbowó? Báwo sì ni àwọn obìnrin ṣe padà wọ inú rẹ̀?

Ìtàn ìlú fúnra rẹ̀ kò ṣòro í sọ: àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829 lẹ́yìn tí Òwu fọ́, wọ́n ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ní 1840, agbára wọn sì gbilẹ̀ títí ogun Kírìjì fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1877. Ẹni tó jókòó tó gbà á sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ni a kì í sábà dárúkọ.

Pásítọ̀ ni Samuel Johnson. Iṣẹ́ ìwàásù ni ìjọ ń sanwó rẹ̀ fún un, ìtàn kò sí nínú owó oṣù. Sierra Leone ni wọ́n bí i sí ní 1846, Ìbàdàn ló ti dàgbà, Ọ̀yọ́ ló sì ti ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn nígbà tó parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897. Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó, ó sọnù sọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901, kò rí i mọ́. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, tó jẹ́ dókítà, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn àjákù àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1916, ó kó o sínú ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Appam. Ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun Jámánì gba Appam lójú òkun, ó wà á lọ sí Amẹ́ríkà, ìtàn Yorùbá sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i gbà padà lẹ́yìn-ò-rẹ̀yìn ni. Obadiah náà kú ní 1920, ìwé jáde ní 1921. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ṣe é, kò sí èyí tó fojú kàn án ní ìwé títẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé Johnson ṣe ojúsàájú fún Ọ̀yọ́, mo gbà, òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà kọ́kọ́ bọ́ fìlà ná.

Kí ìwé Johnson tó jáde, Ìbàdàn ti ní tirẹ̀. Isaac Babalọlá Akínyẹlé tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní 1911, ní èdè Yorùbá. Ní 1914, òun àti àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Ẹgbẹ́ Àgbà Ò Tán, láti tọ́jú ìtàn àti àṣà ìlú kí ó má baà bá àwọn arúgbó wọlẹ̀. Alexander Akínyẹlé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ti dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913 tó sì di bíṣọ́ọ̀bù nígbẹ̀yìn, wà níbẹ̀. Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san náà wà níbẹ̀, ẹni tó ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lójoojúmọ́ sínú ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ìwé ọ̀hún ṣì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ yìí lé wọn lọ́wọ́. Ìfẹ́ ìlú ló ń lé wọn káàkiri agboolé lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́ wọn, Isaac Akínyẹlé sì padà gorí àpèrè Olúbàdàn ní 1955.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ti bá wọn wí nìyí: ilé olóyè ogun ni wọ́n lọ. Ṣí àwọn ìwé ìtàn àtijọ́ wò, Balógun tẹ̀ lé Baálẹ̀, Ọ̀tún tẹ̀ lé Òsì, ogun tẹ̀ lé ogun. Ẹni tó se oúnjẹ ogun kò sí níbẹ̀, ẹni tó ya àwọn ológun lówó kò sí níbẹ̀. Obìnrin tó bá fẹ́ wọ inú ìwé wọn, àfi kó kú ikú òjijì.

Ẹfúnṣetán kú irú ikú bẹ́ẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́. Ọmọ Ẹ̀gbá ni baba rẹ̀. Nígbà tó dé Ìbàdàn, ó di oníṣòwò ńlá: ó ń ta tábà àti kíjìpá, ó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù, ó sì ń ta èèyàn, ẹ má jẹ́ ká bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ṣubúọlá ni Ìyálóde àkọ́kọ́ n'Ìbàdàn, Ẹfúnṣetán ni ìkejì. Wọ́n ní ẹrú tó ní lóko nìkan tó 2,000, láìka ti ilé. Bí ogun bá yá, àwọn ọ̀gágun á wá gba ìbọn àti ẹ̀tù lọ́wọ́ rẹ̀ láwìn, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀ wá san án tí àwọn bá kó ẹrú dé. Ogun á parí, gbèsè á kù nílẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kú lórí ìkúnlẹ̀ ní 1860. Àtìgbà náà ni wọ́n ní inú rẹ̀ ti dúdú, tó sì ṣòfin pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún.

Ní 1874, Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, ka ẹ̀sùn mẹ́ta sí i lẹ́sẹ̀. Kò bá òun lọ sógun. Kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun. Kò jáde sí ẹ̀yìn odi wá kí òun káàbọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, wọ́n yọ ọ́ lóyè. Ní òru ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, ẹrú rẹ̀ méjì gba orí àjà bọ́ sínú yàrá tó sùn sí, wọ́n fọ́ ọ lórí. Johnson kọ ọ́ pé ọmọ tó gbà tọ́, Kúmúyìlọ́, ni wọ́n fowó bẹ̀ lọ́wẹ̀. Àwọn ìjòyè tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yọ ọ́ lóyè wá ń bínú pé àwọn kò fọwọ́ sí ikú.

Ẹ tún àwọn ẹ̀sùn Látòósà kà. Ẹyọ kan kò mẹ́nu ba ẹrú tí wọ́n bẹ́ lórí. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ogun ni, ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí ni. Obìnrin tí gbogbo wọn jẹ lówó ló kọ̀ láti tún yá wọn.

Mo ti jókòó níbi tí bàbá méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà lórí ikú yìí. Ọ̀kan ní májèlé ló gbé jẹ nígbà tí ojú tì í. Èkejì, tí ìyá ìyá rẹ̀ wá láti ilé kan tó bá Ẹfúnṣetán ṣòwò, ní irọ́ gbuu ni, orí àjà ni wọ́n gbà wọlé, ó ní ìyá òun máa ń fi ìka han òun ní òkè àjà ilé wọn nígbà tó bá ń sọ ọ́, òun kì í sì í lè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Èkínní ní òun fojú òun rí i. Níbo? Lórí ìtàgé. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ eré náà nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 1970, ẹgbẹ́ Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá sì gbé e jáde fún ọ̀pọ̀ èrò. Nínú eré, Ẹfúnṣetán gbé májèlé jẹ lóòótọ́. Iṣẹ́ ọnà tó dára ni, n kò ní kí ẹnikẹ́ni jó o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi eré ṣe ẹ̀rí ti ṣi òǹkọ̀wé náà lò. Bàbá èkínní kò gbà títí a fi túká. Ó ní ohun tí ojú òun rí, ẹ̀gbọ́n ohun tí etí gbọ́ ni.

Obìnrin ló wá tú ọ̀rọ̀ náà wò láti ìdí. Bọ́láńlé Awẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Oxford ní 1964 lórí bí Ìbàdàn ṣe di alágbára. Nígbà tó kọ nípa Ẹfúnṣetán, ó wo ìṣòwò rẹ̀, ó wo gbèsè tí àwọn ológun jẹ ẹ́, ó wo ìjà agbára tó wà láàárín òun àti Látòósà. Orí ìwé náà wà nínú àkójọ lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà nínú ìtàn, tí òun fúnra rẹ̀ ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1992. Ṣáájú èyí, ní 1987, òun àti àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ti dá ibùdó ìwádìí kan sílẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí WORDOC, láti máa kó ìwé àti ìròyìn nípa obìnrin jọ sójú kan. Kẹ́mi Morgan náà ló gbé iṣẹ́ Akínyẹlé lórí Ìbàdàn kalẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè kà á.

Ní Abẹ́òkúta, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kò dúró de akọ̀tàn. Ó tọ́jú lẹ́tà àti ìwé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, àwọn tó lé Aláké Adémọ́lá kúrò lórí oyè fúngbà díẹ̀ ní 1949, àwọn ìwé náà sì wà ní ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn lónìí. Nínú wọn ni Cheryl Johnson-Odim àti Nina Mba ti rí ohun tí wọ́n fi kọ ìwé nípa ìyá náà ní 1997. Hùmúánì Àlàga, oníṣòwò aṣọ n'Ìbàdàn, kó àwọn obìnrin Mùsùlùmí jọ sí ẹgbẹ́ Isabatudeen ní 1958, wọ́n sì kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama fún àwọn ọmọbìnrin ní 1964. Ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ìyá tó dá owó jọ láti inú ìṣọ̀ wọn, ẹ béèrè rẹ̀ láàárín ìgboro, ẹ ó rí i pé bí wọ́n bá dárúkọ àlàájà kan, ó ti tán.

Nígbà àtijọ́, ọmọ tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn á jókòó ti ìyá àgbà, á bá a bó ẹ̀gúsí, ìtàn á máa bọ́ lẹ́nu ìyá bí ẹ̀gúsí ṣe ń bọ́ sínú igbá. Ní báyìí, wọ́n á na fóònù sí arúgbó lẹ́nu, wọ́n á ní kí ó ṣe kíá, kí fídíò náà má baà gùn jù. Mo mọ àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ọjọ́ Sátidé wọn ṣe iṣẹ́ yìí tọkàntọkàn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo tún mọ àwọn tó kọ́kọ́ ran fáńlà kan náà, tí wọ́n tẹ báńà, tí wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú kábíyèsí, tí ìtàn sì dúró síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ oríkì àwọn ìyàwó ilé ló ti bá àwọn tó mọ̀ ọ́n lọ, nítorí àwọn ìyàwó ilé ló ń ki gbogbo èèyàn, ẹni tó ń ki àwọn náà kò pọ̀.

Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ní agboolé kan lápá Ọjàaba, ń ṣe tirẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìwé alábala ọgọ́rin tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò ló fi ń kọ ọ́. Bíírò búlúù fún ọmọ obìnrin ilé, bíírò pupa fún ìyàwó tó wọlé wá láti ibòmíràn. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó fi àyè sílẹ̀ fún ohun tó tà, ọjà tó ti tà á, ẹgbẹ́ tó wà, ẹni tó jẹ ẹ́ lówó àti ẹni tó jẹ lówó. Ó ní orí gbèsè ni òun ti máa ń gbọ́ òótọ́ jù, pé bí ìyá kan bá gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, kò ní gbàgbé ẹni tó gba aṣọ lọ láwìn. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ọmọ rẹ̀ ló ń ra bíírò. Ó ti kọ àwọn tó tajà ní Ọjàaba, ó ti dé Ayéyẹ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Gbági àtijọ́ ni. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ta aṣọ níbẹ̀, kí ó wá pe orúkọ rẹ̀, kí ó sì wá tètè, nítorí ìrọ̀lẹ́ ni ojú òun kì í ríran dáadáa mọ́.