Ebi Ni Ó Ń Pa Ọpọlọ, Kì Í Ṣe Wèrè

 Ní Òkè Ọya, àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ni àrùn yírùnyírùn, tí àwọn Haúsá ń pè ní sankarau, máa ń jà. Ní ọdún 1996, ó mú ju 100,000 ènìyàn lọ ní Nàìjíríà, ó sì pa ju 11,000 nínú wọn.

Orí aláìsàn a máa fọ́ ọ, ara rẹ̀ a gbóná, ọrùn rẹ̀ a le gan-an. Kò ní pẹ́ tí yóò fi máa sọ ìsọkúsọ, tí kò ní mọ ìyá tí ó bí i mọ́. Nígbà náà ni àwọn ará ilé yóò wí pé wọ́n ti ṣe é, kí a tètè gbé e lọ sí Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìrìn àjò odindi ọjọ́ kan! Bẹ́ẹ̀ ni àrùn yìí lè pa ènìyàn láàárín wákàtí 24.

Ọpọlọ kò ju bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara lọ, ṣùgbọ́n òun nìkan ń lo bí ìdá 20 nínú atẹ́gùn tí ara ń lò. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sì ni oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tí kòkòrò àrùn bá wọ inú omi tí ó yí i ká, ibẹ̀ a wú, ṣúgà kò ní ráyè wọlé dáadáa mọ́, ẹ̀jẹ̀ pàápàá kò ní ṣàn bí ó ti yẹ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ a wá máa jó ṣúgà díẹ̀ tí wọ́n rí láìsí atẹ́gùn tí ó tó, bí iná igi tútù tí ń rú èéfín. Èéfín tiwọn ni ohun kíkan tí à ń pè ní láktétì. Agbára tí wọ́n fi ń ti iyọ̀ síta a tán, iyọ̀ a fa omi wọlé, sẹ́ẹ̀lì a wú, agbárí kò sì lè fẹ̀. Gìrì a dé.

Ìdí nìyí tí dókítà fi ń fa omi ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń kọ̀ ọ́, wọ́n ní yóò rọ ọmọ lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ibi tí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn parí sí ni abẹ́rẹ́ náà ń wọ̀. Bí ṣúgà inú omi náà kò bá tó ìdá 40 nínú 100 ti inú ẹ̀jẹ̀, tí láktétì sì pọ̀, dókítà a fura gidigidi.

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun tí ń dènà oríṣi márùn-ún kòkòrò yìí. Ẹni tí ó bá sì ti yè é, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò kí ó tó padà sí ilé ìwé, nítorí àrùn náà a máa sọ àwọn mìíràn di adití.