Má Jẹ́ Kí Ọgbọ́n Rẹ Di ti Ẹlòmíràn

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Àdúgbò mi ni ó ti ṣẹlẹ̀, ó sì dùn mí púpọ̀.

Ọmọkùnrin kan wà tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹfà. Iṣẹ́ wẹ́dà ni ó kọ́ lẹ́yìn tí ó jáde ìwé. Ìyá rẹ̀ ń ta epo pupa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta epo mọ wàhálà tí ó wà níbẹ̀. Bí a bá ń rọ epo láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò, tí ojú sì ṣí kúrò níbẹ̀ díẹ̀, epo a kún àkúnwọ́sílẹ̀, èrè ọjọ́ náà a sì bá a lọ. Ọmọ yìí fi páànù àti irin wẹ́wẹ́ ṣe ohun kan tí a ń kì bọ ẹnu ìgò. Bí epo bá ti dé ibi tí ó yẹ, ohun náà a dá ojú ara rẹ̀ dé, epo a sì dúró.

Inú ìyá rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi pe gbogbo àwọn elépo ẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó. Ọkùnrin kan tí ó wá ra epo náà wò ó, ó béèrè bí wọ́n ṣe ṣe é, ọmọ náà sì tú u palẹ̀ fún un bí ẹni tí ń ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà tí irú rẹ̀ gan-an fi kún ọjà. Ọkùnrin náà ni ó ń tà á. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ ọmọ wẹ́dà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà wá bá mi nílé. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀dọ̀ ta ni mo lè lọ fẹjọ́ sùn?" N kò lè dá a lóhùn. Mo kọ́ ọ ní ìṣirò, mo kọ́ ọ ní gírámà, ṣùgbọ́n n kò sọ fún un rí pé ọgbọ́n orí ènìyàn lè ní ìwé, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ti ń ní ìwé.

Ìwé náà ni wọ́n ń pè ní pátẹ́ǹtì. Àdéhùn ni láàárín ìjọba àti ẹni tí ó ronú kan ohun titun. Ìjọba yóò wí pé, "Kọ ọ́ sílẹ̀ ní kedere bí o ti ṣe é, kí àwọn ẹlòmíràn lè rí i kọ́. Àwa náà yóò fún ọ ní iye ọdún kan tí ẹnikẹ́ni kò ní lè ṣe é tà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ." Bí ọdún náà bá pé, ohun náà di ti gbogbo ayé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn adúláwọ̀ méjì tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fún yín. Ọ̀kan ronú lórí epo, èkejì ronú lórí kọ̀ǹpútà.

Elijah McCoy ni orúkọ ẹni àkọ́kọ́. Ẹrú ni àwọn òbí rẹ̀ ní Kentucky kí wọ́n tó sá lọ sí Kánádà, níbẹ̀ ni wọ́n sì bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1844. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n rán an lọ sí Edinburgh ní Skọ́tíláǹdì láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ó kọ́ ọ, ó mọ̀ ọ́n, ó sì padà wá sí Michigan ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, iṣẹ́ tí ó rí ní ilé iṣẹ́ rélùwéè kò ju kí ó máa da èédú sínú iná ọkọ̀ ojú irin, kí ó sì máa fi epo pa ẹ̀rọ rẹ̀ lára.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ ìlọta mọ̀ pé bí epo bá tán lára irin tí ń yí, irin yóò jẹ irin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ ojú irin ayé ìgbà náà. Wọn a máa dá a dúró lójú ọ̀nà kí ẹni tí ń pa epo lè gbé agolo rẹ̀ yí i ká. McCoy ronú sí i. Ó ṣe ife epo kan tí ń dá ṣiṣẹ́. Agbára ooru omi híhó tí ń gbé ẹ̀rọ náà ni ó ń ti ojú ife náà ṣí, kí epo lè máa wọ inú sìlíńdà nígbà tí ọkọ̀ ń sáré lọ. Kò sí pé à ń dúró mọ́. Àwọn mìíràn ti ń ṣe ife epo ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun tún un ṣe, ìjọba sì fún un ní pátẹ́ǹtì lórí àtúnṣe náà ní oṣù keje ọdún 1872. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 129,843. Kí ó tó kú ní ọdún 1929, pátẹ́ǹtì tí ó gbà lé ní àádọ́ta.

Ẹnìkejì ni Mark Dean, tí a bí ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní ọdún 1957. Láti kékeré ni òun àti bàbá rẹ̀ ti jọ fi ọwọ́ ara wọn to ẹ̀rọ ìroko jọ. Ó kàwé jáde ní yunifásítì, ó sì wọ ilé iṣẹ́ IBM, àwọn tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì wọn jáde ní ọdún 1981.

Nínú kọ̀ǹpútà, ibi tí à ń tẹ ọ̀rọ̀ wọlé, ibi tí à ń kó o pamọ́ sí àti ẹ̀rọ tí ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń tọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá rọ́ wọ ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò dà bí oríta ọjà tí kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀. Dean àti akẹgbẹ́ rẹ̀, Dennis Moeller, ṣe ètò tí ń darí ojú ọ̀nà yìí, kí olúkúlùkù lè ní àyè tirẹ̀ láìdí ẹnìkejì lọ́wọ́. Wọ́n gba pátẹ́ǹtì lórí rẹ̀ ní ọdún 1985, nọ́ńbà 4,528,626. Nínú pátẹ́ǹtì mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà IBM yẹn, orúkọ Dean wà nínú mẹ́ta.

Ẹ wò ó bí iṣẹ́ àwọn méjèèjì ti jọra: ọ̀kan pín epo, èkejì pín àyè, kí ohun tí ó yẹ lè dé ibi tí ó yẹ ní àkókò rẹ̀, kí iṣẹ́ má sì dúró.

Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín jẹ. Ìwé nìkan kọ́ ni owó. McCoy kò ní owó tí yóò fi dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí náà ó ta ẹ̀tọ́ púpọ̀ nínú pátẹ́ǹtì rẹ̀ fún àwọn olówó, tàbí kí ó fi í fún àwọn tí ó ń bá ṣiṣẹ́. Ọdún 1920 ni ó tó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, àgbàlagbà sì ni nígbà náà. Ti Dean pẹ̀lú, IBM tí ó ń san owó oṣù fún un ni ó ni ẹ̀tọ́ náà. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè dìde lónìí kí ó sọ pé àwọn kọ́ ni wọ́n ṣe é. Ní ọdún 2012, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣí ẹ̀ka ilé iṣẹ́ pátẹ́ǹtì ní ìlú Detroit, orúkọ McCoy, ọmọ ẹrú tí ó sá, ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ní ilẹ̀ wa ńkọ́? Òfin wà. Láti ọdún 1970 ni òfin pátẹ́ǹtì Nàìjíríà ti wà, Àbújá sì ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Ogún ọdún ni wọn ń fún ènìyàn, láti ọjọ́ tí ó bá ti mú ìwé rẹ̀ wá, bí ó bá ń san owó ọdọọdún. Ẹ fi nǹkan mẹ́rin yìí sọ́kàn. Èkíní, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ mú ìwé wá ni òfin kọ́kọ́ mọ̀. Èkejì, ohun náà gbọ́dọ̀ jẹ́ titun. Bí o bá ti fi han gbogbo ayé kí o tó mú ìwé lọ, kì í ṣe titun mọ́ lójú òfin. Ẹ̀kẹta, bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ gbà ọ́ fún ni o ti ṣe é, ọ̀gá rẹ ni ó ni ín. Ẹ̀kẹrin, ìjọba kò fọwọ́ sọ̀yà pé ẹlòmíràn kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí. Ọrùn ìwọ tí o gba ìwé ni ìyẹn wà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọ wẹ́dà. Bóyá wọn ìbá fún un ní ìwé, bóyá wọn kì bá tí fún un, n kò lè sọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ pe gbogbo ọjà wá wòran ni ilẹ̀kùn ti tì. Ohun tí mo sọ fún un nìyẹn, ó sì sunkún níwájú mi, àgbà ọkùnrin bí i tirẹ̀.

Lóṣù tí ó kọjá, ó tún wá. Ó ní òun ti ronú kan ohun mìíràn. Mo fẹ́ béèrè ohun tí ó jẹ́, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú, n kò ní sọ ọ́ fún ẹ̀yin pàápàá." Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó ti ya àwòrán sí, tí ó sì kọ ọjọ́ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ̀ lọ́yà ni ó ń lọ. Inú mi dùn ju ìgbà tí ó yege ìdánwò kíláàsì kẹfà lọ.

Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní èyí pẹ̀lú ìṣirò. Ẹ̀yin òbí àti oníṣòwò, bí ọmọ yín bá ṣe ohun àrà, ẹ yìn ín nínú yàrá ná. Bí ìwé rẹ̀ bá ti wọlé tán, ẹ wá lù ú nílù káàkiri ọjà.