Eyín Krapina
Eyín Neanderthal (irú èèyàn àtijọ́ kan) àti eyín ẹranko. Òkè Hušnjakovo, Krapina, Kroatíà. Wọ́n wú wọn jáde láàárín 1899 sí 1905.

Dragutin Gorjanović-Kramberger ló darí iṣẹ́ náà. Ó wọn èròjà fluorine inú eegun èèyàn àti ti ẹranko, ó sì rí i pé ìgbà kan náà ni gbogbo wọn wọlẹ̀. Àmọ́ ìgbà wo? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí ìdáhùn tó yọjú.

Káábọ́ọ̀nù 14 tí gbogbo ayé mọ̀ kò wúlò níbí, nítorí agbára rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá nǹkan bí 50,000 ọdún. Ara eyín ni wọ́n ní láti wò. Èèpo funfun tó ń dán tó bo eyín le ju eegun lọ. Bó ṣe wà nínú ilẹ̀, ìtànṣán láti ara uranium inú iyẹ̀pẹ̀ ń ti electron kúrò ní àyè wọn, àwọn kan sì ń há sínú rẹ̀ lọ́dọọdún, bí owó tí wọ́n ń sọ sínú kóló. Ẹni tó bá mọ iye tó ń wọlé lọ́dún kan, tó sì ka gbogbo èyí tó wà níbẹ̀, ti mọ ọjọ́ orí eyín nìyẹn. Agbára òòfà ni wọ́n fi ń kà á.

Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1995 jẹ́ nǹkan bí 130,000 ọdún. Eyín ẹranko ni wọ́n lọ̀ láti yẹ̀ wò. Ta ló máa fẹ́ lọ ti èèyàn kúnná? Lára eyín èèyàn, àwọn kan ní ilà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí ohun ìtayín ti ha wọ́n.