Ilé ìkàwé kì í ṣe tàwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan: Ẹ̀yin òbí àti àgbàlagbà Kòsọ́fẹ̀ẹ́, tiyín náà ni

Béèyàn bá gbọ́ orúkọ Kòsọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹni ń sọ pé kò sí ohun ọ̀fẹ́ níbẹ̀ ló máa ń dún létí. Ẹni tó bá sì ń gbé Ketu, Máìlì 12 tàbí Ìkòsì yóò sọ pé kò kúkú sí irọ́ níbẹ̀. Omi mímu, owó ni. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà, owó ni. Kódà àyè tí wọ́n máa gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátò kalẹ̀ sí, owó ni. Ìdí nìyẹn tó fi ń yà mí lẹ́nu pé ohun kan wà tí ìjọba fi owó gbogbo wa ṣe, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í lọ lò. Ilé ìkàwé ni mò ń sọ, èyí táwọn ọmọ wa ń pè ní láíbúrárì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní Ketu pẹ̀lú ìdílé rẹ̀, ẹni mẹ́fà nínú yàrá kan ṣoṣo, nínú ilé tí yàrá ti kọjú sí yàrá. Bí iná bá ti lọ, jẹnẹrétọ̀ bíi márùn-ún ni yóò bẹ̀rẹ̀ ariwo lẹ́yìn fèrèsé wọn. Bí iná bá sì dé, tẹlifíṣọ̀n ará ilé kejì ni yóò gba ipò jẹnẹrétọ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ni ọmọbìnrin wọn, tó wà ní SS 2 nígbà náà, ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, orúnkún rẹ̀ ló sì fi ń ṣe tábìlì. Èsì ìdánwò rẹ̀ kò dára, bàbá rẹ̀ sì ti ń pè é ní olódo.

Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi, mo mú ọmọ náà lọ sí ilé ìkàwé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Yábàá, èyí tí wọ́n fi orúkọ Herbert Macaulay sọ. Ó jókòó, ó ṣí ìwé Bàọ́lọ́jì, ó tó wákàtí mẹ́ta kó tó gbójú sókè. Nígbà tá a ń padà bọ̀ nínú dánfó, ó ní, “Àǹtí, mi ò mọ̀ pé mo lè kàwé pẹ́ tó báyìí.” Ọmọ yẹn kì í ṣe olódo, àyè ni kò rí.

Ohun tí ilé ìkàwé fi ń ran ọmọ lọ́wọ́ jù gan-an nìyẹn o, ẹ̀yin òbí, kí ìwé tó wà lórí pẹpẹ tiẹ̀ tó wọ̀ ọ́: àga, tábìlì, ìmọ́lẹ̀ àti ìdákẹ́jẹ́. Ibi tí wọ́n bá sì ti ní kọ̀ǹpútà, èrè tún wọlé nìyẹn. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti sọ ìdánwò wọn di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá. Ọmọ tó jẹ́ pé inú gbọ̀ngàn ìdánwò ló ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ìbẹ̀rù yóò ti gba ìdajì ohun tó mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà kan, kì í ṣe gbogbo èèyàn ni ilé ìkàwé wà fún. Ní 1932 ni wọ́n ṣí ilé ìkàwé kan l'Ékòó pẹ̀lú ìrànwọ́ owó àjọ Carnegie ti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń san àsansílẹ̀ owó ló wà fún, òyìnbó ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Lọ́dún 1953, àjọ UNESCO kó àwọn onímọ̀ jọ sí Ìbàdàn láti jíròrò lórí bí ilé ìkàwé ìlú yóò ṣe gbilẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Àjọ yìí kan náà ló sọ nínú ìkéde rẹ̀ ti 1994 pé ọ̀fẹ́ ló yẹ kí lílo ilé ìkàwé ìlú jẹ́, tọmọdé tàgbà ni kó sì wà fún.

Ọ̀rọ̀ tàgbà yẹn ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Ẹni tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, táwọn ọmọ ti lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, kí ló kù tó ń ṣe títí di ìrọ̀lẹ́? Àwọn mìíràn á kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn á máa ka ọkọ̀. Ní 2003, àwọn oníṣègùn kan ní New York gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí àgbàlagbà 469 tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní 75, tí wọ́n tọ̀ lẹ́yìn fún bí ọdún márùn-ún. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń kàwé, tó ń ta àwọn eré orí ọpọ́n, tó ń lu ohun èlò orin tàbí tó ń jó, àrùn ìgbàgbé kì í sábà mú wọn tó àwọn yòókù. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta ayò, ẹ ti gbọ́ tiyín.) Ìwádìí náà kò sọ pé ìwé ni oògùn o. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì le ló ṣì ń rántí kàwé.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí ìwádìí mìíràn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1992, tí wọ́n fi àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn n'Íbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis l'Ámẹ́ríkà. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001, iye àwọn tí àrùn ìgbàgbé ń mú lọ́dọọdún n'Ídíkàn kò tó ìdajì ti Indianapolis, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn ará Ìdíkàn wọ̀nyí kò rí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí. Nítorí náà, mi ò ní purọ́ fún bàbá tàbí ìyá kankan pé bí wọn ò bá kàwé, iyè wọn yóò ra. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kéèyàn wẹ̀, kó múra, kó jáde, kó rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ máa jiyàn lórí ohun tó wà nínú ìwé ìròyìn, ó sàn ju kíka ọkọ̀ lọ.

Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ìlú ló máa ń fi nọ́ńbà to ìwé. Ẹ wá 610 fún ọ̀rọ̀ ìlera, 641 fún oúnjẹ, àti 649 fún ọmọ títọ́. Ìyàtọ̀ wà láàárín ohun tẹ́ ẹ kà níbẹ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru àti ohun tí ẹni tó ń ta oògùn nínú bọ́ọ̀sì sọ fún yín. Àmọ́ ẹ máa wo ọdún tí wọ́n tẹ ìwé náà. Ìwé ìṣègùn àtijọ́ lè ní kẹ́ ẹ lo chloroquine sí ibà, bẹ́ẹ̀ láti 2005 ni ìjọba Nàìjíríà ti fi àwọn oògùn ACT rọ́pò rẹ̀ nítorí pé kò ká ibà mọ́. Ohun tẹ́ ẹ bá kà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi bi dókítà yín léèrè.

Ẹni tó bá sọ pé ojú òun kò ríran kàwé mọ́, kó má kàn ra gíláàsì lọ́wọ́ oníkiri. Lẹ́yìn ogójì ọdún, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń nílò gíláàsì ìkàwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n glaucoma pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, kì í sì í dunni títí tí yóò fi fọ́ ojú. Ilé ìwòsàn ni kó kọ́kọ́ lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀wé rárá, ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àgbà ni kó wá lọ. Àwọn tó sì fẹ́ràn ìwé Yorùbá, ẹ bèèrè Fágúnwà, ẹ bèèrè Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Ẹ̀ka ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ náà wà ní Yábàá. Òfin ọdún 1970 ló ní kí gbogbo atẹ̀wétà máa fi ẹ̀dà mẹ́ta ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé àpapọ̀ yìí.

Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ láti Máìlì 12 dé Yábàá kì í ṣe kékeré mọ́. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́dọ̀ káńsù yín, yálà Kòsọ́fẹ̀ẹ́ ní Ògùdù ni o, tàbí Ìkòsì-Ìṣẹrì, tàbí Àgbóyì-Ketu. Bí wọ́n bá ní àwọn ní ilé ìkàwé, ẹ fẹsẹ̀ ara yín débẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ilẹ̀kùn ń ṣí, bóyá ìwé tó ṣeé kà wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ bi kánsílọ̀ yín ní ìdí rẹ̀ kó tó tún wá tọrọ ìbò, nítorí òfin orílẹ̀-èdè wa fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ipa tirẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti àgbàlagbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Yábàá, ẹ ṣèwádìí ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n ń ṣí, àti bóyá wọ́n ń gba nǹkan lórí káàdì àyáwé. Ẹ mú fọ́tò pélébé méjì dání, ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ àti gíláàsì yín. Oúnjẹ kì í wọlé. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ pa ohùn fóònù yín; ọmọ ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tó sá kúrò nídìí jẹnẹrétọ̀.