Ta ni Àṣekágbá Tọ́ Sí?

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwọn tí ó fẹ́ràn orin ní Òkè-Òkun. Gbàrà tí àwọn tí ń ṣètò àjọ̀dún orin ńláńlá bá ti gbé ìwé ìkéde ti ọdún náà jáde ni ọ̀rọ̀ yóò bẹ́ sílẹ̀: ta ni wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ orúkọ rẹ̀ sókè pátápátá? Ta ni wọ́n rọ́ tì sí ìsàlẹ̀ ìwé, níbi tí ó jẹ́ pé awò ojú ni ènìyàn yóò fi wá a rí? Ohun tí ó fa èyí kò ṣòro láti yé wa. Níbi irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ́ olórin ni yóò ṣeré láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo, tàbí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ni yóò gun ìtàgé tí ó tóbi jù lọ ní alẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí àwọn yòókù bá ti ṣe tiwọn tán. Òun ni n ó máa pè ní olórin àṣekágbá. Àkókò tirẹ̀ ni ó gùn jù, owó tirẹ̀ ni ó sì sábà máa ń pọ̀ jù. Orúkọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tìtorí rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ọ̀dọ́mọbìnrin tí ń ka ìwé yìí, ẹ má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ àwọn eléré ni, kò kàn wá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣe ìnáwó rí ní ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé olórin tí ó gbajúmọ̀ kì í dé síbi àríyá nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to àga. Àwọn kékeré ni í kọ́kọ́ lùlù kí òde tó kún. Bí a bá sì wá pe olórin ńlá méjì sí ojú agbo kan, ẹni tí yóò ṣíwájú àti ẹni tí yóò kẹ́yìn lè di ohun tí àwọn àgbà yóò fi pe ìpàdé bòókẹ́lẹ́. Mo fẹ́ kí a fi ojú obìnrin wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ó dà bí ẹran tí a ń pín nílé ọlọ́pọ̀ èrò: a máa ń jiyàn lórí ẹni tí ẹran tọ́ sí, a kì í sábà wo ọwọ́ ẹni tí ń pín in.

Ẹ jẹ́ kí a mú Glastonbury, tí ó lókìkí púpọ̀ nínú wọn. Ní oko kan tí wọ́n ti ń sin màlúù fún wàrà, ní abúlé Pilton ní agbègbè Somerset, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni àgbẹ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Michael Eavis ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1970. Pọ́n-ùn kan ni owó ìwọlé, wọ́n sì ń fún àwọn èrò ní wàrà ọ̀fẹ́ láti inú oko náà. (Èmi tí mo ń kọ́ni nípa oúnjẹ kò lè ṣàì yin ìyẹn. Ẹni tí yóò dúró lórí ẹsẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, wàrà sàn fún un ju ọtí lọ.) Ẹgbẹ́ olórin The Kinks ni wọ́n retí pé yóò ṣe àṣekágbá lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn. Wọn kò wá, Marc Bolan àti ẹgbẹ́ rẹ̀ Tyrannosaurus Rex ni ó gba ipò wọn. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pàá, nígbà náà, ẹni tí ó ráyè wá ni ó jókòó sórí àga ẹni tí wọ́n sọ pé ó tọ́ sí. Lóde òní, ó lé ní 200,000 ènìyàn tí í péjọ sí oko yẹn, Emily Eavis, ọmọ Michael, sì ni ọ̀gá àwọn tí ń yan olórin. Àwọn tiwa náà ti tẹ ibẹ̀: King Sunny Adé ṣeré níbẹ̀ ní ọdún 1983, Fẹlá sì tẹ̀ lé e ní 1984.

Àwọn ìjà tí ó ti ṣẹlẹ̀ lórí àga yìí kò kéré. Nígbà tí wọ́n yan Jay-Z ní ọdún 2008, Noel Gallagher, onígìtá ẹgbẹ́ Oasis, wí ní gbangba pé orin ráàpù kò yẹ ibẹ̀. Jay-Z dé, ó gbé gìtá kọ́ ọrùn, ó sì fi orin Oasis fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ eré! Ní 2015, ó lé ní 130,000 ènìyàn tí ó fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n yọ Kanye West. Wọn kò yọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé irú ariwo bẹ́ẹ̀ kò tètè sọ lórí àìsí obìnrin. Títí di ọdún 2024, kò sí ọdún kan tí obìnrin méjì wà nínú àwọn mẹ́ta tí ó ṣe àṣekágbá ìtàgé ńlá Glastonbury. Dua Lipa àti SZA ni ó kọ́kọ́ ṣe é, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Coldplay. Ní ọdún 2015 tí mo mẹ́nu bà yẹn, Florence Welch àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bọ́ sórí àga náà nítorí pé Dave Grohl ti ẹgbẹ́ Foo Fighters fi ẹsẹ̀ ṣẹ́. Ó di ìgbà tí egungun ọkùnrin kan ṣẹ́ kí àyè tó ṣí sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Florence pàápàá ti ṣe egungun ẹsẹ̀ léṣe lórí ìtàgé ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní 2023, ọkùnrin ni gbogbo wọn: Arctic Monkeys, Guns N' Roses àti Elton John. Àwọn ènìyàn bi Emily Eavis léèrè. Ó ní obìnrin kan ti gbà láti wá tẹ́lẹ̀, ètò ìrìn-àjò rẹ̀ ni ó yí padà. Ó sì fi kún un pé ọ̀nà tí àwọn obìnrin ń gbà gòkè bọ̀ nínú iṣẹ́ orin kò tíì là dáadáa, àti pé àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń gbé àwo orin jáde àti rédíò ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìdajì òtítọ́ sì ni. Ẹni tí ń yan olórin àṣekágbá máa ń wo ẹni tí ó ti kó èrò jọ rí. Kí olórin tó lè kó èrò jọ, ó gbọ́dọ̀ ti ṣeré ní ọ̀sán gangan lórí ìtàgé kékeré, kí ó bọ́ sí ti ìrọ̀lẹ́, kí ó máa sún mọ́ alẹ́ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Ó sábà máa ń jẹ́ láàárín ọdún méjìlélógún sí márùndínlógójì ni ènìyàn ń gun àkàbà yẹn. Èwo nínú wa ni kò mọ ohun mìíràn tí ó ń bá obìnrin láàárín ọjọ́ orí wọ̀nyẹn? Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bímọ lánàá lè gbé gìtá rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn lónìí, kí wọ́n sì tún kí i kú ewu ọmọ lórí ìtàgé. Ta ni yóò ki ìyá ọmọ lórí ìtàgé pẹ̀lú ọmú tí ó kún?

Ìdí nìyí tí ìtàn Beyoncé fi wù mí láti tẹnu mọ́. Àjọ̀dún Coachella, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1999 ní aṣálẹ̀ ìlú Indio ní California, fi í ṣe olórin àṣekágbá fún ọdún 2017. Ó lóyún ìbejì. Àwọn dókítà gbà á nímọ̀ràn pé kí ó sinmi, Lady Gaga sì dúró fún un. Kí Gaga tó ṣe é, obìnrin kan ṣoṣo tí ó ti dá ṣe àṣekágbá níbẹ̀ ni Björk, ọmọ ilẹ̀ Iceland, ní 2002 àti 2007. Ọdún mẹ́wàá gbáko! Ohun tí mo fi yin àwọn alábòójútó Coachella ni pé wọn kò fi oyún pa àga rẹ̀ rẹ́. Wọ́n fi pa mọ́ fún un di oṣù Kẹrin ọdún 2018, ó sì di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣe àṣekágbá níbẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún onílù, afunfèrè àti oníjó tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn afunfèrè náà sì fun orin Zombie ti Fẹlá ní àárín eré.

Nínú fíìmù Homecoming tí ó gbé jáde ní 2019, ó ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí ọjọ́ yẹn tó dé. Ara rẹ̀ wú, àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru ti aboyún dé bá a, ọkàn ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ń dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2017. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ebi pa ara rẹ̀ kí ó lè padà bọ̀ sípò: kò jẹ búrẹ́dì, kò jẹ ṣúgà, kò mu wàrà, kò jẹ ẹran, kò jẹ ẹja. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò tún ní í fi ara òun jìyà tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọlọ́mú, ẹ má ṣe kọ́ èyí lára rẹ̀. Oúnjẹ tí ìyá tí ń fọ́mọ lọ́mú nílò pọ̀ ju èyí tí ó nílò nígbà oyún pàápàá lọ: ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, ẹ̀fọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ omi. Bí ó bá sì jẹ́ ìbejì, kí a tún bù sí i. Beyoncé ní alásè, ó ní olùtọ́jú ọmọ, ó ní owó tí yóò fi dúró de ọdún kejì. Akọrin tí ó jẹ́ pé owó tí ó gbà lálẹ́ àná ni yóò fi ra gàrí lónìí kò lè fi ọdún kan gbáko dúró de ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì ní dúró dè é.

Bí obìnrin bá jàjà dé orí àga náà, ìgbàgbé tún ń bẹ lẹ́yìn. Nígbà tí Stormzy ṣe àṣekágbá Glastonbury ní 2019, gbogbo ènìyàn ń pariwo pé òun ni ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì aláwọ̀ dúdú tí ó kọ́kọ́ ṣe é. Skin, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ agbòhùn fún ẹgbẹ́ Skunk Anansie, ni ó wá rán wọn létí pé òun ti ṣe é ní ọdún 1999. Ogún ọdún péré ni, ó ti pòórá lọ́kàn wọn. Ẹ fi èyí wé ti Burna Boy, tí ó bínú ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019 pé Coachella fi lẹ́tà tíńtín kọ orúkọ òun. Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi tẹ ilẹ̀, n kò sì bá a wí. Ní ọdún náà gan-an, ó sọ àwo orin rẹ̀ ní African Giant, ní 2024 ó sì kọrin lórí ìtàgé ńlá Glastonbury kété kí SZA tó gun un. Ohun tí mo ń bi ara mi ni pé, bí obìnrin bá bínú bẹ́ẹ̀, ṣé òmìrán ni wọn yóò pè é ni, àbí agbéraga?

Ó ṣeé tún ṣe. Ní ọdún 2019, àjọ̀dún Primavera Sound ní ìlú Barcelona pín ètò rẹ̀ dọ́gba láàárín ọkùnrin àti obìnrin, àjọ̀dún náà kò sì tú. Láti 2017 ni ètò tí wọ́n ń pè ní Keychange ti ń rọ àwọn alájọ̀dún láti buwọ́ lùwé pé ìdajì ìdajì ni àwọn yóò máa yàn.

Nílé ńkọ́? Ọdún 1976 ni Sàláwà Àbẹ̀ní gbé àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, orin arò fún Ọ̀gágun Murtala Muhammed tí wọ́n pa ní oṣù Kejì ọdún náà. Ọmọ nǹkan bí ọdún márùndínlógún ni. Ọdún 1992 ni Aláàfin Làmídì Adéyẹmí fi í jẹ Ọbabìnrin Wákà. Ṣáájú rẹ̀ ni Bàtílì Àlàkẹ́ ti gbé wákà kúrò nínú agbo àwọn obìnrin onímọ̀lẹ́ wọ inú àwo. Síbẹ̀, bí a bá ń jiyàn ta ni ọ̀gá nínú orin Yorùbá, ẹ wo iye orúkọ ọkùnrin tí a ó kà kí a tó kan ọ̀kan nínú wọn. Àwa obìnrin ni a sì ń kà á! Nínú ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó àti ìkómọ, ìyá ni ó ń yan aṣọ ẹbí, ìyá ni ó ń bá alásè dúnàádúrà, ohùn ìyá kì í sì kéré nígbà tí a bá ń yan olórin. A ó ní kí akọrin obìnrin wá fi ìyìn àti ìwúre ṣí òde ní agogo mẹ́ta, kí ó gba owó ọkọ̀. Ọkùnrin ni a ó fi alẹ́ sílẹ̀ fún, pẹ̀lú gbogbo owó tí a ó ná mọ́ ọn lórí. Ọwọ́ tí ń pín ẹran kò jìnnà sí wa tó bí a ti rò.

Ní tèmi, bí wọ́n bá fi alẹ́ mẹ́ta lé mi lọ́wọ́ ní ìlú Èkó, Angélique Kidjo ni n ó fi ṣe ti àkọ́kọ́. Ìlú Ouidah ní ilẹ̀ Benin ni wọ́n ti bí i, ó ń fi Yorùbá kọrin, ẹ̀bùn Grammy rẹ̀ ti di márùn-ún, ó sì fi àwo kan tí ó gbé jáde ní 2019 bu ọlá fún Celia Cruz, ọmọ Kuba, tí òun náà kọ orin òrìṣà wa. Tems ni n ó fi ṣe ti ọjọ́ kejì. Love Me JeJe tí ó gba Grammy ní ọdún 2025 ni ó fi jí orin Ṣèyí Ṣódìmú ti ọdún 1997 dìde. Sàláwà ni yóò kẹ́yìn. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé agbo wákà kò ní kún tó ti Tems. N kò gbà. Kí wọ́n fi agogo mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Àìkú sílẹ̀ fún un, kí wọ́n fún un ní agbohùngbohùn tí kò ní máa han, kí wọ́n sì wo iye ìyá tí yóò dìde lórí àga.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kọ orúkọ mẹ́ta tiyín ránṣẹ́ sí olóòtú, kí ẹ sì sọ ẹni tí yóò kẹ́yìn.