Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ta ló ń ṣọ́ iná nígbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́?

Ní Amẹ́ríkà, bí agogo iná ilé ńlá bá bàjẹ́ ju wákàtí 4 lọ láàárín wákàtí 24, ìlànà ààbò NFPA 101 ní kí wọ́n kó èèyàn jáde, tàbí kí wọ́n yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ iná.

Olùṣọ́ yìí kì í jókòó sẹ́nu géètì. Yóò máa yípo àjà kọ̀ọ̀kan, yóò fimú fínlẹ̀ bóyá wáyà ń jó, yóò wò ó bóyá páálí dí ẹnu ọ̀nà àbájáde, yóò sì kọ aago tó débẹ̀ sínú ìwé. Bó bá rí èéfín, kíá ni kó pe panápaná, kó sì kígbe sáwọn ará ilé.

Ẹ̀yin onílé, ẹ wá olùṣọ́ kí ẹ tó tú ẹ̀rọ fún àtúnṣe. Ẹ̀mí kò láàrọ̀.