Erin ní Kamẹrúùnù: Lábẹ́ òfin 1994, kílò 5 ló pààlà láàárín ìwé àṣẹ àti ẹ̀wọ̀n

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí". Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin 1994, fún ọdẹ ìgbafẹ́ ní Kamẹrúùnù, rírí erin nìkan kò tó. Ó tún ní láti mọ bí eyín rẹ̀ ṣe wúwo tó kó tó yìnbọn.

Kí ni òfin 1994 sọ?

Òfin ọjọ́ 20, oṣù Kìíní, ọdún 1994 pín ẹranko igbó sí ìsọ̀rí A, B àti C. Lábẹ́ òfin náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ti ìsọ̀rí A. Ti ìsọ̀rí B gba ìwé àṣẹ.

Nínú àṣẹ tí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójútó igbó fi léde ní oṣù Kejìlá, ọdún 2006, erin tí eyín rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò tó kílò 5 wà ní ìsọ̀rí A. Èyí tí tirẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ bọ́ sí B: ọdẹ tó gba ìwé àṣẹ, tó sì san owó tí ìjọba bù lé erin náà, lè pa á nígbà náà.

Lábẹ́ òfin 1994, ẹ̀wọ̀n ọdún 1 sí 3 ni ìjìyà pípa ti ìsọ̀rí A, tàbí owó ìtanràn mílíọ̀nù 3 sí 10 owó CFA, tàbí méjèèjì. Ẹni tí wọ́n bá ká eyín kékeré mọ́ lọ́wọ́, òfin náà kà á sí ẹni tó pa erin náà.

Àgbẹ̀ tí erin fẹ́ pa ńkọ́? Òfin 1994 gbà kó gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní láti mú ẹ̀rí wá láàárín wákàtí 72.

Níbo ni ìṣòro wà?

Kò sí ẹni tó lè gbé eyín erin tó ṣì wà láàyè sórí òṣùwọ̀n. Ojú ni ọdẹ fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ojú bá ṣì í, erin ti wó, kò sì lè dìde mọ́.

Lóòótọ́, òfin náà dáàbò bo àwọn ọmọ erin. Ṣùgbọ́n akọ tó ti dàgbà, tí eyín rẹ̀ tóbi, ni ọdẹ ìgbafẹ́ ń wá, bẹ́ẹ̀ òun náà ló ń bímọ jù.

Àwọn kan kò tilẹ̀ béèrè ìwé àṣẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2012, àwọn apẹran lọ́nà àìtọ́ gun ẹṣin wọ ọgbà Bouba Ndjida ní àríwá, wọ́n sì pa erin tó lé ní 200 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Kí ló kan Douala?

Erin kì í rìn ní ìgboro Douala, ṣùgbọ́n èbúté ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà sí òkun. Eyín tí ọdẹ fi ìwé àṣẹ pa lè kọjá pẹ̀lú ìwé àdéhùn àgbáyé CITES, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún títà.

Ní ọdún 2006, àwọn aṣọ́bodè Hong Kong rí eyín erin tó tó tọ́ọ̀nù 3.9 nínú kọ̀ńténà tó gbéra láti Douala. Àyẹ̀wò DNA fi hàn pé agbègbè Gabon ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá.

Ní ọjọ́ 24, oṣù Keje, ọdún 2024, Ààrẹ Paul Biya buwọ́ lu òfin tuntun lórí igbó àti ẹranko, èyí tó rọ́pò ti 1994. Yaoundé ni wọ́n ti ń ṣe òfin. Ṣùgbọ́n nínú igbó, níwájú ìbọn, àti ní èbúté Douala, níwájú kọ̀ńténà, la ó ti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́.